Bàbá Wòlíì ni àwọn aboyún wa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Báwo ni mo ṣe máa bá a sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìgbógbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà kọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ọdún 31 ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìntì. Ìjọ aláṣọ funfun kan lọ́nà Ìgbógbò, n'Ìkòròdú níbí, ni mo ti ń jọ́sìn láti ìgbà ọmọge mi. Ìjọ wa ní ilé agbẹ̀bí: yàrá méjì, ibùsùn mẹ́ta, pẹ̀lú ìyá àgbà kan tó mọ ọwọ́ ìgbẹ̀bí dáadáa. Bí obìnrin bá ti lóyún ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ Bàbá Wòlíì ló ń kọ́kọ́ gbé e lọ, nígbà mìíràn kí ọkọ rẹ̀ pàápàá tó gbọ́. Àwọn Mùsùlùmí náà ń wá.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan bímọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru. Ọmọ kẹta rẹ̀ ni. Ọmọ ké, wọ́n yọ̀, wọ́n kọrin. Ibi ọmọ ò tètè jáde. Nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n fún un ní omi àdúrà, wọ́n fi òróró pa á níkùn, wọ́n ń ka Sáàmù. N kò bú ẹni tó gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ti kọjá kí fóònù mi tó dún. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, aṣọ mẹ́ta ló ti rin gbingbin lábẹ́ rẹ̀. Mo ki ọwọ́ mọ́ ikùn rẹ̀, mo ń ra ilé ọmọ kó lè sún kì. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kí n fún un, inú fíríìjì ló ń gbé, a ò sì ní fíríìjì. A rí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ dé ní àwọn ò ní ẹ̀jẹ̀. Ojú ọ̀nà èkejì ni a wà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ báyẹn lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì péré. Wákàtí méjì yẹn náà ni wọ́n fi ka Sáàmù.

Bàbá ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà wá síbí wá bú u. Èèyàn rere ni. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aboyún. Bí wọ́n bá pè é láago mẹ́ta òru, á gbé e. Ó mọ orúkọ ìyá ọkọ gbogbo wọn, ó mọ èyí tí ọkọ rẹ̀ ń lù. Ìdí tí wọ́n fi ń sá tọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò wá nìyí. Mo ti sọ fún àwọn aboyún yẹn fúnra mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kí wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n á ní "Ẹ ṣé, Mọ́mì", wọn ò ní lọ. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ fún ọjọ́ méje, iyọ̀ ò ní kàn wọ́n lẹ́nu. Ẹnu Bàbá yẹn ni mo fẹ́ yá. Báwo ni mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tí kò fi ní rò pé mo ń sọ pé àdúrà òun ò gbà? Mo kéré sí i nípò, obìnrin sì ni mí. Àwọn àgbààgbà kan nínú ìjọ ti ń wí pé oògùn òyìnbó ni mo fẹ́ kó wọ ilé Olúwa.


Ààfáà Pópó-Ọbà, Ẹ̀pẹ́

Àsàláàmù aláékùm, màmá wa. Kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì dá ọmọ tó fi sílẹ̀ sí.

Ẹ̀sìn wa yàtọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ò yàtọ̀ sí tiwa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Èmi ni igbákejì lèmọ́ọ̀mù ní mọ́ṣáláṣí rátíbì kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó nílò ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin pọ̀ nílé wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíì ní wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣoògùn owó, ẹlòmíì ní okun òun á tán. Rírà la padà rà á. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣe wáàsí lórí rẹ̀ níbi àsálátù, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀léra. Mo ka Súrà Máídà ẹsẹ 32, níbi tí Ọlọ́run ti ní ẹni tó bá dá ẹ̀mí ẹnì kan sí, bí ẹni pé ó dá gbogbo ènìyàn sí ni. Jàmáà ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó lọ.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, mo bẹ àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kí wọ́n wá sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ká ọwọ́ jàlàbíà mi sókè, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo wọn. Àwọn ọmọdé yí mi ká, wọ́n ń wo ọ̀pá rọ́bà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ nínú rẹ̀. Mo dìde, mo mu mọ́ọ̀tì kan, mo jókòó sí ìbòòji. Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, èmi náà ni mo ṣíwájú wọn kírun, kí wọ́n lè rí i pé n kò kú. Ọkùnrin 19 ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Báyìí, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ ládánì wa: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àti irú ẹ̀jẹ̀ tí oníkálukú ní. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Èyí tó wà lára ọkùnrin tó ń gbé ládùúgbò wà níbẹ̀ títí ìgbà tí a bá pè é.

Nítorí náà, màmá, bóyá kì í ṣe ẹnu Bàbá lẹ máa yá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe nǹkan tí wọ́n á fi ojú rí.


Ọmọ Ìsíwù

Mo bá yín kẹ́dùn, mọ́mì. Ṣùgbọ́n inú bí mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi pamọ́.

Ìyàwó mi rọbí lọ́dún tó kọjá. Ọsibítù tí mo gbé e lọ, owó àsansílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Orí bẹ́ǹṣì onígi ló jókòó sí, tó ń rọbí, títí àbúrò mi fi rí owó fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan bi í pé ṣé àwọn ló fún un lóyún. Ẹ wá fẹ́ kí Wòlíì lé àwọn obìnrin lọ síbẹ̀? Bí wọ́n bá débẹ̀ tí iná ò sí, tí dókítà ò sí, ta ni wọ́n máa bú? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 82,000 obìnrin ló kú nínú oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà ní 2020 nìkan. Kì í ṣe ilé àdúrà ló pa gbogbo wọn.

Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹnu àwọn bàbá yìí múlẹ̀, kí wọ́n lò ó sókè, kí wọ́n má lò ó sísàlẹ̀ nìkan. Gbogbo ìgbà ìdìbò ni àwọn olóṣèlú máa ń wá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ kí wọ́n lè gbàdúrà fún wọn. Ìgbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ yẹn ló yẹ kí Bàbá béèrè iná fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kó béèrè ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè.


Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìgbógbò

Ọmọ mi, o ò parọ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà ti jágbe mọ́ aboyún rí. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Aboyún mẹ́rìnlá lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa nọ́ọ̀sì méjì, ó rẹ̀ mí, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ṣì rántí ojú ọ̀kan nínú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ilé àdúrà ló lọ bí èyí tó tẹ̀lé e sí.

Ààfáà, mo ń ro ọ̀rọ̀ yín.


Ọmọ Ìkòròdú tó wà l'Enugu

Ẹ ǹ lẹ́ níbẹ̀ o. Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe lápá ibí. Ohun tí ààfáà sọ yẹn, wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ṣọ́ọ̀ṣì 40 ni wọ́n lò. Ní ìdajì wọn, àlùfáà á pe àwọn aboyún àti ọkọ wọn síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn náà, ìjọ á ṣe àríyá kékeré fún àwọn aboyún yẹn, wọ́n á fún wọn ní àpò tí nǹkan ìbímọ wà nínú rẹ̀, ibi àríyá yẹn gan-an ni wọ́n sì ti ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Wọn ò dá àyẹ̀wò HIV ṣe nìkan, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn àyẹ̀wò mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ẹnìkejì rẹ̀ lójú. Níbi tí wọ́n ti ṣe báyìí, 92 nínú 100 obìnrin ló ṣe àyẹ̀wò HIV. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù, nǹkan bí 55 ni. Ní 2015 ni èsì rẹ̀ jáde. Àdúrà yẹn ò yí padà. Wọ́n kàn gbé tábìlì àyẹ̀wò wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹnu kan náà lè ba nǹkan jẹ́. Ní 2003, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan ní Kánò ní àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀ máa sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá a dúró fún nǹkan bí ọdún kan, àrùn náà sì tàn láti Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọba ilẹ̀ Haúsá àti àwọn lèmọ́ọ̀mù náà ló padà bá wọn tún un ṣe. Oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún!

Màmá, ohun kan tún kù: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Rọ́bà kan tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí lára ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà, gbogbo ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní dúró. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó burú dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.


Ìyá Ìbejì, Ìta-Ẹlẹ́wà

Gbogbo yín ń dárúkọ wòlíì àti ààfáà. Awo ni bàbá mi. N'Ìkòròdú níbí, lọ́jọ́ Orò, obìnrin kì í jáde. Kí wá ni aboyún tó bá rọbí lọ́jọ́ náà máa ṣe? Ní agbo ilé wa, bí wọ́n bá ti kéde ọjọ́, bàbá mi fúnra rẹ̀ á ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, á máa béèrè ta ni oṣù rẹ̀ ti pé. Ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n á ti gbé onítọ̀hún lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Ṣágámù tàbí Kẹtu, nítòsí ọsibítù. Bàbá mi ní Orò ò sọ pé kí aboyún kú. Ká ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ ba àṣà jẹ́. Òun ló sọ ọ́, kò sẹ́ni tó jà.


Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ìgbógbò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ti bá Bàbá sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ, lẹ́yìn àdúrà aago mẹ́fà, kí èrò tó dé. Mo kúnlẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ṣáájú. Mo ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi kà á, ibi tí Fáráò ti pe Ṣífírà àti Púà. Wọ́n kà á dé ibi tí Ọlọ́run ti kọ́ ilé fún wọn. Mo ní, "Bàbá, agbẹ̀bí ni àwọn méjèèjì. Bíbélì ní wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tó fi hàn pé wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ ni pé wọn ò jẹ́ kí ọmọ kú."

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí, tó fi jẹ́ pé ó pẹ́ tí mo ti wà nínú ìjọ yẹn. Wọ́n ní nígbà àjàkálẹ̀ àìsàn 1918, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, oògùn ò ran bàbá bàbá wọn, wọ́n sì ti gbẹ́ sàréè rẹ̀ dè é. Àwọn tó ń gbàdúrà ló jókòó tì í títí ó fi dìde. Ibẹ̀ ni ìdílé wọn ti di aládùúrà. Wọ́n ní, "Ìyá, ṣé kí n wá sọ fún àwọn èèyàn pé ohun tó gbà wá ò tó mọ́?"

N kò tíì múra ìdáhùn sílẹ̀ fún ìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ní 1918, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí ara aboyún n'Ìkòròdú. Àdúrà ló wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n lò. Bó bá jẹ́ pé àdúrà wọn ló mú kí ọ̀nà àtigbé ẹ̀jẹ̀ síni lára wà lónìí ńkọ́?" Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kò sí ìsọ́ òru kan tí àwọn ò dárúkọ ọmọbìnrin yẹn.

Mo fẹ́ kí wọ́n ti ilé agbẹ̀bí pa. Mo sọ ọ́ lójú wọn. Wọn ò gbà. Wọ́n ní bí àwọn bá tì í, ilé ẹlòmíì tí kò mọ ohunkóhun ni wọ́n máa gbé oyún lọ, n kò sì lè jiyàn. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé ni pé láti ìsinsìnyí, lọ́jọ́rú tí wọ́n bá ń fi òróró yan aboyún, obìnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi káàdì ọsibítù hàn. Olóyún àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, oníbejì, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ti bí ju mẹ́rin lọ, ilé agbẹ̀bí wa ò ní gbà wọ́n rárá. Ìyá àgbà ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ìmọ̀ kún ìmọ̀. Bí aṣọ kejì bá ti ń rin, kẹ̀kẹ́ ni. Bàbá ló sọ èyí fúnra wọn níwájú ìjọ: kí wọ́n máa ka Sáàmù náà lọ nínú kẹ̀kẹ́. Ọmọ ìjọ kan tó ní Márúwá ti ń gbé e sùn sínú ọgbà, owó ọrẹ la fi ń ra epo rẹ̀.

Ọmọ Ìsíwù, mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni. Àwọn àti lèmọ́ọ̀mù ojúlé kejì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa jọ lọ sí káńsù. Wọn ò tíì lọ. Bí wọ́n bá lọ, màá wá sọ ohun tí wọ́n bá wọn sọ níbí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru, fóònù mi dún. Bàbá ni. Aboyún kan ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ajé. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ìjọ, wọ́n ti wà nínú kẹ̀kẹ́, Bàbá náà sì jókòó tì í. Sùtánà ni wọ́n wọ̀, wọn ò wọ bàtà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu gẹ́ètì ọsibítù ò mọ bóyá kí òun dá wọn dúró. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọdé ni, ojú rẹ̀ ti le nígbà tó rí aṣọ funfun. Bàbá kí i, "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ibo lẹ fẹ́ kí n dúró sí tí n kò fi ní dí yín lọ́wọ́?" Ojú ọmọ náà rọ̀. Ó ní kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, kí wọ́n dákun má lu agogo. Wọn ò lu agogo. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí láìbọ bàtà, tí ètè wọn ń mì, títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà tán ní nǹkan bí aago márùn-ún. Obìnrin ló bí, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 2.6. Ìyá àti ọmọ ti wà nílé.

Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin mẹ́rin ti wá bi mí ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ọ̀kan nínú wọn ni mo ti bẹ̀ láti oṣù kejì oyún rẹ̀. Ó ní, "Ṣebí Bàbá náà lọ síbẹ̀."

Ààfáà, ó ku ọ̀dọ̀ yín. Ìwé ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ládánì yẹn, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ta ló ń yẹ irú ẹ̀jẹ̀ wọn wò? Bàbá ní àwọn ni àwọn máa kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. N kò tíì ní ìgboyà láti sọ fún wọn pé wọn ò ní gba tiwọn.


Ààfáà Pópó-Ọbà, Ẹ̀pẹ́

Màmá wa, Ọlọ́run á san án fún yín. Àwọn tó wá gba ẹ̀jẹ̀ náà ló yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún oníkálukú ní káàdì, ládánì kàn dà á kọ sínú ìwé ni. Ẹ ní kó kọ nọ́ńbà ìyàwó mọ́ ọn, fóònù ọkùnrin mìíràn kì í gbé iná lóru.

Ní ti Bàbá, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, pé ara wọn ò gbà á. Kí ọmọ wọn ọkùnrin wá dùbúlẹ̀, kí Bàbá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi kún. Ọjọ́ Ìsinmi wo lẹ fi sí? Ó ṣeé ṣe kí n wá.